Ìwé Ọkọ̀ Pé, Ṣé Ó Wà Lórí Ẹ̀rọ?

Ìbéèrè yín ni pé bọ́ọ̀sì tó ń ná Òjòó n'Ìbàdàn sí Èkó ti ní ìnṣọ́ránsì, ó ti ní speed limiter (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ sá kọjá òpin eré), kí ló tún kù tí wọ́n lè torí ẹ̀ dá a dúró?

Ohun tó kù ju èyí tẹ́ ẹ ti ṣe lọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2025 tí ọlọ́pàá ti ń yẹ ìnṣọ́ránsì third party (èyí tó ń sanwó fún ẹlòmíì tí ọkọ̀ yín bá ṣe lọ́ṣẹ́) wò káàkiri Nàìjíríà, bébà nìkan kò tó mọ́. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ wò. Ẹ tètè tẹ̀ ẹ́ fúnra yín lórí askniid.org, ìkànnì tí wọ́n ti ń yẹ ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ wò, kẹ́ ẹ fi ohun tó bá jáde wé ìwé ọwọ́ yín ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà O tí akọ̀wé tẹ̀ bí òdo ti tó láti sọ ojúlówó di ayédèrú lójú wọn. Bí kò bá jáde rárá, ó lè jẹ́ jìbìtì, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó tà á kò tíì gbé e sórí ẹ̀rọ. Ẹ má sanwó tán kó tó hàn.

Ibi tó burú jù nìyí: ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ilé lórí ọkọ̀ akérò. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, ₦15,000 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìnṣọ́ránsì, dá lé ọkọ̀ ilé. Àwọn aṣojú kan á ní kí onímáíkírà tó ń gbé èrò ra ti ₦15,000 yẹn. Ó lè kọjá lójú títì o. Ọjọ́ tó bá kọlu ọkọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n á ka ìlà tó sọ̀rọ̀ nípa ìlò ọkọ̀, wọ́n á rí i pé kò gba ọkọ̀ tó ń gbowó èrò, ọlọ́kọ̀ á sì dá gbèsè rù. Láísẹ́ǹsì dẹ́rẹ́bà náà rí bẹ́ẹ̀: kíláàsì B kò gba takisí tàbí bọ́ọ̀sì.

Ó ku speed limiter. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ akérò láti ọdún 2016, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kàn ń gbé e kiri ni. Kílómítà 90 ní wákàtí kan ni òpin bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà márosẹ̀. 100 ti ọkọ̀ ilé ni. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ọkọ̀ òfìfo lẹ́yìn Toll Gate: ẹ tẹ iná, kí ẹlòmíì máa wo aago eré. Bó bá kọjá 90 láìfà sẹ́yìn, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gé wáyà rẹ̀. Èyí tó ń ka eré láti ara gíábọ́ọ̀sì máa ń ṣì í kà bí wọ́n bá pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì, tàbí tẹ́ ẹ bá wọ táyà tó ga ju ti tẹ́lẹ̀. Táyà gíga á jẹ́ kó rò pé 90 lẹ wà nígbà tẹ́ ẹ ti kọjá ibẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń húkọ́ ní 50 tàbí 60, kí rewáyà yẹ wáyà earth ẹ̀rọ náà (èyí tó so ó mọ́ irin ara ọkọ̀) wò kẹ́ ẹ tó lọ ra pọ́ǹpù epo tuntun.

Ẹ sì kìlọ̀ fún dẹ́rẹ́bà: kó má jáde yá tírélà bí iwájú kò bá mọ́ dáadáa, torí ọkọ̀ kò ní fún un ní eré kún eré láàárín méjì. Nọ́ńbà ara speed limiter náà gbọ́dọ̀ bá ti inú sátífíkéètì mu. Ẹni tó so ó ni kẹ́ ẹ pè padà wá ṣètò rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ gíábọ́ọ̀sì.