Ọmọ mi fẹ́ dà bíi mínísítà Málésíà yẹn: kí ni kó lọ kà?

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, Amòfin. Èsì WAEC ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbí ní Kabba. Ó ka kéú dáadáa. Ó ní òun fẹ́ dà bíi Zulkifli Hasan, onímọ̀ báǹkì tí kì í gba èlé, tí wọ́n fi jẹ mínísítà ní Málésíà. Bàbá rẹ̀ ní akáǹtì ni kó kà. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Okun o, Màmá. Ẹ bá mi kí Bàbá. Akáǹtì kò burú, ṣùgbọ́n òfin ni ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ kà, ti ìjọba àti ti Ṣàríà pọ̀. Nígbà tó lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Durham, ní England, bí àwọn onímọ̀ Ṣàríà ṣe ń ṣọ́ báǹkì tí kì í gba èlé ló wádìí.

Ṣíṣọ́ yẹn gan-an niṣẹ́. Ká ní ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlọta ₦500,000. Báǹkì á rà á, á tún un tà fún yín ní ₦590,000, ẹ ó máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan. Mùrábáhà nìyẹn. Ẹ ó ní, kí ló wá yàtọ̀ sí èlé? Ẹ bi wọ́n pé ta ló ni ẹ̀rọ kó tó dọ́wọ́ yín. Bó bá bàjẹ́ lọ́nà, báǹkì ló pàdánù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kàn ka owó lé yín lọ́wọ́ láìrí ẹ̀rọ kankan, èlé náà ni, ó kàn wé láwàní. Ẹni tó máa ka ìwé àdéhùn títí tó máa fi rí láwàní yẹn, òun lọmọ yín fẹ́ dà.

CBN ní kí irú báǹkì bẹ́ẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ onímọ̀ tirẹ̀. Àmọ́ báǹkì ọ̀hún ò pọ̀: lára wọn ni Jaiz tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, TAJ ní 2019, àti Lotus ní 2021. Ìdí tí mo fi yan òfin nìyẹn. Ní Yunifásítì Ìlọrin, wọ́n ń kọ́ òfin ìjọba àti ti Islam pọ̀. Bí báǹkì ò bá gbà á, kóòtù wà. Lẹ́yìn náà ló lè wá ìwé ẹ̀rí AAOIFI, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún irú báǹkì yìí ní Bahrain, tàbí kó lọ kà sí i ní Yunifásítì Bayero ní Kánò.

Bí Bàbá bá ní iṣẹ́ kéú ò kan ìlú, ẹ rán wọn létí ọ̀nà Obajana sí Okene: ó wà lára àwọn ọ̀nà tí wọ́n torí rẹ̀ gba súkúúkù, owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ aráàlú lọ́nà Ṣàríà láìsí èlé, ₦100 bílíọ̀nù ní 2017.

Ti mínísítà, ìṣèlú nìyẹn. Ní Málésíà, ẹni tí kò sí nílé aṣòfin kò lè jẹ ẹ́. Sẹ́nétọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ Zulkifli dà, ó di igbákejì mínísítà ní 2023, kó tó wá di mínísítà ní oṣù Kejìlá 2025. Ní tiwa, abala 147 ìwé òfin ní kí Ààrẹ mú ó kéré tán ẹnì kan láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí Sẹ́nétì sì fọwọ́ sí i. Ẹ wo iye àwa ará Kogi tó ń wojú àga kan ṣoṣo yẹn.

Kó tó kọ ohunkóhun sínú fọ́ọ̀mù JAMB, ẹ wo èsì WAEC yẹn dáadáa: èló ló gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì, Lítíréṣọ̀ àti ẹ̀kọ́ Islam?