"She didn't paid": Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ gírámà Gẹ̀ẹ́sì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́ níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń jókòó sí kàǹtà tí àwọn àlejò ti ń gba kọ́kọ́rọ́. Mo kàwé dé SS3, mo sì máa ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ti lanu báyìí, ìbọn ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún ọ̀gá mi nípa àlejò ọkùnrin kan pé "She didn't paid yesterday", ni gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bá bú sẹ́rìn-ín. Mo ra ìwé gírámà kan ní Ọjà Ọba, ó nípọn, mi ò sì mọ ibi tí mo máa dì mú nínú ẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi kan tún ní kí n má sọ Yorùbá sí àwọn ọmọ mi mọ́, kí tiwọn má baà dà bíi tèmi. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá Ìbejì, Òkè-Àró)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àfaradà. Ẹ pa ìwé yẹn dé ná. Gírámà tí èèyàn ń lò ní kàǹtà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìlànà díẹ̀ kan náà ló ń padà wá ṣáá. Gbólóhùn tí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín yẹn ti kó méjì tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn dání, ẹ jẹ́ ká tú u wò.

"Didn't paid" ni ká kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí padà. "San" ni lónìí, "san" ni lánàá, "san" náà ni lọ́la. Ohun tó ń sọ àkókò fún wa máa ń wà níwájú ẹ̀: ó ń san, ó ti san, yóò san. Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú àwọn aṣíwájú bẹ́ẹ̀: is, has, will, did, does, can, must. Ibi tí ọ̀nà ti pín ni pé, bí aṣíwájú kankan ò bá sí, ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀ ló máa ru ẹrù àná: "He paid." Ṣùgbọ́n bí "did" bá ti dé, òun ti gba ẹrù yẹn sórí. Ọ̀rọ̀-ìṣe á wá padà sí bó ṣe wà látilẹ̀: "He didn't pay." "Did he pay?" Ẹrù kan, orí kan. Nínú gbólóhùn tiyín, "did" ru ú, "paid" náà tún ru ú.

Ohun tó wù mí kí ẹ rí ni pé òfin kan ṣoṣo yìí ló ń darí "s" tó ń yọ gbogbo èèyàn lẹ́nu. Ẹ wo ẹ̀rọ amúlétutù inú yàrá: "The AC works." Bí àlejò bá ń béèrè: "Does the AC work?" Bí ó bá bàjẹ́: "The AC doesn't work." "S" yẹn ti kúrò lára "work", ó ti wọ inú "does". Ìdí nìyẹn tí "doesn't works" àti "does the room has" ò fi tọ̀nà. Lẹ́yìn "will", "can" àti "must", ọ̀rọ̀-ìṣe náà kì í yí padà rárá: "He will pay", "She can pay", "You must pay". Méjì péré ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Tí "has" tàbí "have" bá wà níwájú, "paid" ló ń tẹ̀ lé e; tí "is" tàbí "are" bá ń sọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́, "paying" ni. Tí ẹ bá sì ti dárúkọ ọjọ́ tó ti kọjá, ẹ fi "has" sílẹ̀. Kò sí aburú nínú "Ó ti sanwó lánàá" lédè wa, ṣùgbọ́n "He paid yesterday" ni Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́.

Ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù ní kíláàsì mi níbí ní Oǹdó ni ìgbà tí Yorùbá ò ní aṣíwájú kankan. Bí a bá ní "Ó dé ní aago mẹ́jọ, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó jáde", kò sí ohunkóhun níbẹ̀ tó sọ pé ó ti kọjá, síbẹ̀ gbogbo wa mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn á wá gbé e bẹ́ẹ̀ lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì: "He come by eight, he take the key, he go out." Ó yẹ kó jẹ́ "He came at eight, took the key and went out." Ẹ wá fi èyí wé "Mo mọ̀ ọ́n" àti "Mo fẹ́ omi". Wọn ò ní aṣíwájú bákan náà, ṣùgbọ́n ti ìsinsìnyí ni wọ́n: "I know him", "I want water". Nítorí náà, kí ẹ tó sọ ọ́, ẹ bi ara yín: ṣé ohun tí ẹnì kan ṣe tó sì ti parí ni, àbí ohun tó wà bẹ́ẹ̀ títí di ìsinsìnyí? "Mo rí i" ti parí, "I saw him" ni.

Came, took, went, left, gave, saw, said, brought, paid: ẹ kọ́ àwọn wọ̀nyí sórí, kò sí ọ̀nà àbùjá. Àwọn tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ń lò jù gan-an ni kì í gba "-ed" bíi ti yòókù, torí pé gbogbo ìgbà ni wọ́n wà lẹ́nu, ìran kan sì ń fà wọ́n lé ìran mìíràn lọ́wọ́. Àwọn kan tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí ti yí padà. "Holp" ni àwọn ará Ìlú Ọba máa ń sọ láyé àtijọ́, kó tó di "helped" tí gbogbo ayé ń sọ lónìí.

Ní ti "she", àwọn tó kàwé jù yín lọ náà ń ṣe é. "Ó" kan ṣoṣo la ní fún ọkùnrin, obìnrin, ajá àti àga, nítorí náà ahọ́n wa ò tíì mọ̀ pé òun ní láti yàn. Ẹ wo ojú àlejò kí ẹ tó dáhùn, ẹ mú "he" tàbí "she" ní ọkàn yín kí ẹnu tó là. Ọ̀wọ̀ tún wà níbẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún àlejò pé "They are calling you" nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè é, "wọ́n" tí a fi ń bu ọlá fún àgbà lẹ gbé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ń fi "sir" àti "please" bọ̀wọ̀ fúnni, kì í fi "they" ṣe é. "Someone is calling you, sir" ti tó.

Kí n tètè fi méjì kún un torí iṣẹ́ yín: "luggage" kì í gba "s" bó ti wù kí àpótí pọ̀ tó. Bí ẹ bá sì ń kúrò ní kàǹtà, ẹ má ní "I'm coming" fún àlejò òyìnbó, á rò pé ṣe lẹ ń sún mọ́ òun. "I'll be right back" ni kẹ́ ẹ wí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wá ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ìbejì, ẹ má ṣe gba ìmọ̀ràn yẹn. Ní 1970, Fásitì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ẹni tó padà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́, jẹ́ aṣáájú fún. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ yẹn ò gbẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ohun tó dùn mí ni pé lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, a ṣì ń pa èdè mọ́ ọmọ wa lẹ́nu nínú ilé, a wá ń fún un ní Gẹ̀ẹ́sì tí àwa fúnra wa ò tíì mọ̀ tán. Ẹ máa sọ Yorùbá tó jinlẹ̀ sí wọn. Ẹ bá wọn ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì wọn lálẹ́, kí àwọn náà rí yín tí ẹ̀ ń kọ́ ọ.

Ẹ̀yin ẹ mú ìwé àjákọ kékeré kan. Kí ẹ tó kúrò níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn síbẹ̀ ní gbólóhùn márùn-ún: ta ló dé, kí ló béèrè, kí lẹ fún un, ta ni kò sanwó. Àná ni gbogbo ẹ̀, nítorí náà "came" àti "didn't pay" ni ọwọ́ yín á máa kọ. Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ya fọ́tò àwọn ojú ìwé náà, ẹ bo orúkọ àwọn àlejò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Màá fi bíró pupa bá yín kà á.