Èsì: Iná fún abúlé tó wà lẹ́yìn Akínyẹlé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bèèrè bóyá kí abúlé yín dáwó ra jẹnẹrétọ̀ ńlá, tàbí kí ẹ dáwó òpó kí iná NẸ́PÀ lè dé ọ̀dọ̀ yín. Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Owó epo á sú yín. Ní ti NẸ́PÀ, àwa tá a wà láàárín Ìbàdàn gan-an, ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe wá?

Sólà ni. Gílóòbù LED mẹ́rin, wáàtì 5 lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá tàn fún wákàtí 6 lálẹ́, páńẹ́lì wáàtì 100 kan gbé e, á tún ṣẹ́ kù fún fóònù. Bátìrì lowó wà. Èyí tí wọ́n ń bu omi sí kì í pẹ́ bà jẹ́ tí ẹ bá ń lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́. Bátìrì lithium, tí wọn kì í bu omi sí, wọ́n, àmọ́ òun ni kí ẹ rà. Ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, ọ̀sán nìkan ni kí ẹ máa fi sólà tàn án.

Tó bá jẹ́ sólà kan ṣoṣo fún gbogbo abúlé, òfin tí NERC, àjọ tó ń bójú tó iná mànàmáná ní Nàìjíríà, ṣe lọ́dún 2016 ò sọ ìwé àṣẹ di dandan nígbà yẹn fún èyí tí kò tó kilowáàtì 100, àmọ́ wọ́n ti fi òfin míì rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 2023. Ẹ fìwé ránṣẹ́ sí REA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú iná dé ìgbèríko, ná kí ẹ tó dáwó.