Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Àwọn Wo Ló Ń Ṣe Orin Inú Géèmù?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará Èkìtì Kete. Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, orin inú géèmù ló dá lé, inú mi sì dùn gan-an torí ọ̀rọ̀ tó jẹ mí lógún nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí i.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan ń ṣe mí ní kàyéfì. Tí mo bá ń gbá géèmù, orin á máa lọ jẹ́jẹ́, àmọ́ bí ọ̀tá bá ti yọ báyìí orin á yí, ìlù á wọlé, tí mo bá wá pa ọ̀tá yẹn tán orin á tún rọlẹ̀. Ta ló ń sọ fún orin pé ọ̀tá ti dé? *Ọmọ Ajílòsùn, Adó-Èkìtì*

Ìdáhùn: Àbúrò, ibi tó o fọwọ́ bà yẹn gan-an ni iṣẹ́ àwọn èèyàn yìí ti yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń ṣe orin fíìmù. Ẹni tó ń ṣe orin fíìmù ti wo fíìmù yẹn látòkè délẹ̀ kó tó tẹ dùùrù, ó mọ̀gbà tí ilẹ̀kùn máa ṣí, ó mọ̀gbà tí ìyàwó máa bú sẹ́kún. Ẹni tó ń ṣe ti géèmù ò mọ ìkankan nínú ìyẹn. Ìwọ lè sáré kọjá ibì kan, ẹlòmíì lè dúró síbẹ̀ kó lọ jẹun kó padà wá bá a, orin ò sì gbọdọ̀ já, kò sì gbọdọ̀ sú ni.

Wo onílù tó ń lu fún eégún lójúde ọba. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé eégún máa yí sápá òsì tàbí pé ó máa kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ eégún ló tẹjú mọ́, bí ẹsẹ̀ yẹn bá ṣe yá sí náà ni ọwọ́ ẹ̀ ṣe máa yá sí, tí eégún bá dúró, omele á ṣì máa rọra dún lábẹ́ títí tó máa tún gbéra. Iṣẹ́ yẹn náà ni orin géèmù ń ṣe, àfi pé ẹni tó ṣe é ò sí níbẹ̀ nígbà tó o bá ń jó, ó ti gbọ́dọ̀ ro gbogbo bó o ṣe lè jó o sílẹ̀ kó tó kúrò nídìí ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á to orin ní ìpele-ìpele: gìtá ní ìsàlẹ̀, báàsì lé e, ìlù lé ìyẹn, fèrè lókè pátápátá, gbogbo wọn ń lọ pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ àmọ́ wọ́n ti pa ohùn àwọn kan. Géèmù fúnra ẹ̀ ló mọ̀ pé ọ̀tá ti sún mọ́ ẹ tàbí pé ẹ̀mí ẹ ti ń tán lọ, òun ló máa ṣí ohùn ìlù sílẹ̀. Tó o bá ti gbá Super Mario World rí, èyí tó jáde lọ́dún 1990, gun Yoshi, ẹranko tí Mario máa ń gùn, kó o tẹ́tí sílẹ̀, bó o bá ṣe ń jókòó lé e lẹ́yìn ni ìlù máa wọlé, bó o bá sọ̀ kalẹ̀ ìlù á lọ. Orin yẹn ò yí padà o, ìlù nìkan ni wọ́n ṣí. Àwọn tó ṣe orin Red Dead Redemption lọ́dún 2010, Bill Elm àti Woody Jackson, wọ́n ká gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ní ìyára kan náà àti kíì kan náà, ìyẹn ohùn tí orin dúró lé, kí èyíkéyìí lè bọ́ sórí èyíkéyìí láìsí pé ó forí gbárí. Ronú sí i, kó o máa ṣe orin wákàtí rẹpẹtẹ kó o má lè kúrò lórí kíì kan, kí ó má sì sú ẹni tó ń gbọ́ ọ!

Kì í sì í ṣe nǹkan àná o. Lọ́dún 1978 nílẹ̀ Japan, Tomohiro Nishikado ṣe Space Invaders, gbogbo orin inú ẹ̀ ò ju ohùn mẹ́rin tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, dùm, dùm, dùm, dùm, ó kàn ń tún ara ẹ̀ pè ni. Àmọ́ bó o bá ṣe ń yìnbọn lu àwọn àjèjì tó ń bọ̀ látojú sánmà tí wọ́n ń dín kù náà ni ohùn mẹ́rin yẹn ń yára sí i, títí tí àyà ẹ á fi máa lù pẹ̀lú ẹ̀. Ohùn mẹ́rin péré! Nígbà tó sì di 1991, ilé iṣẹ́ LucasArts ní Amẹ́ríkà ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní iMUSE, Michael Land àti Peter McConnell ló ṣe é, òun ló ń jẹ́ kí orin kan wọnú èkejì láì já nígbà tó o bá ń rìn láti ibì kan sí ibòmíì nínú géèmù.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Koji Kondo. Ọdún 1984 ló wọṣẹ́ ní Nintendo, ilé iṣẹ́ géèmù kan nílẹ̀ Japan, lọ́dún 1985 ó ti ṣe orin Super Mario Bros., èyí tí púpọ̀ nínú wa fi àwọn ẹ̀rọ ayédèrú yẹn gbá láìmọ̀ pé ẹnì kan ló jókòó ṣe orin yẹn. Ẹ̀rọ ìgbà náà, ohùn márùn-ún péré ló lè dún pọ̀: méjì fún orin fúnra ẹ̀, ọ̀kan fún báàsì, ọ̀kan tó ń hó ṣaa tí wọ́n fi ń ṣe ìlù, ọ̀kan tó kù fún ohùn kéékèèké tí wọ́n bá ká sílẹ̀. Gbogbo géèmù yẹn lódindi, àwòrán, orin, gbogbo ẹ̀, kìlóbáìtì 40 ni. Fọ́tò kan péré tó o fi fóònù ẹ yà láàárọ̀ yìí tóbi jù ú lọ. Kondo ò ráyè fi ohun èlò rẹpẹtẹ bo orin tí ò dùn, orin yẹn fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dùn. Ó tún wá ṣe é pé tí àkókò ẹ bá ti ń lọ sódo, tó ku ọgọ́rùn-ún, orin kan náà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Lọ́dún 2023, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, Library of Congress, gbé orin yẹn sínú àwọn orin tí wọ́n ń tọ́jú títí ayé, orin géèmù àkọ́kọ́ tó débẹ̀ nìyẹn.

Síbẹ̀, Mario lọmọdé gbogbo mọ̀, àwọn mélòó ló mọ Kondo? Ó ń dùn mí. Láyé ìgbà yẹn ilé iṣẹ́ mìíràn bíi Capcom ò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ gidi síparí géèmù, orúkọ ìnagijẹ ni wọ́n ń kọ. Yoko Shimomura, obìnrin tó ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú orin Street Fighter II lọ́dún 1991, tó fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn jagunjagun ibẹ̀ lórin tiwọn bí a ṣe ń fún ẹni ní oríkì, ọ̀pọ̀ tó ń lo ọwọ́ sí bọ́tìnnì nígbà yẹn ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Nítorí náà, àbúrò, tó o bá parí géèmù tí orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, má tètè pa á. Dúró kó o ka ibi tí wọ́n kọ orin sí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ọ̀gá akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ mú orin kan wá, èdè Swahili ni, ó ní ká fi ṣe orin àkànṣe lọ́jọ́ ìkórè. Ó dùn mọ́ mi, àfi bí mo ṣe gbọ́ pé inú géèmù ló ti wá. Ṣé ó bójú mu? *Ọ̀gá Akọrin, Ìjerò-Èkìtì*

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa sà. Mo gbà pé Baba Yetu ni ọmọ yẹn mú wá. Christopher Tin, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe é fún géèmù Civilization IV tó jáde lọ́dún 2005. Ọkàn yín ẹ balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sà, Àdúrà Olúwa ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí tí à ń gbà lọ́jọọjọ́ ìsinmi náà ni. Lọ́dún 2011 ló gba Grammy, kò sì sí orin géèmù tó gba á rí ṣáájú ẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ kọ ọ́. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Swahili kó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ má kàn gbọ́ ọ láti orí fóònù kẹ́ ẹ máa pè é bó ṣe wù yín. Wọ́n ń ta ìwé orin ẹ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin, ẹ ra á sà, ẹ má ṣe fọ́tókọ́pì, iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ni. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí olùdarí ètò dárúkọ ẹni tó ṣe é kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin tó mú u wá yẹn, ẹ gbà á láyè dáadáa, etí ẹ̀ gbọ́ nǹkan.

Ìbéèrè: Ṣé àwọn orin inú FIFA náà jẹ́ orin géèmù? Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti ń jiyàn lé e ní ṣọ́ọ̀bù géèmù. *Ẹlẹ́sẹ̀ Ayò, Ìkọ̀lé-Èkìtì*

Ìdáhùn: Orin ni, inú géèmù ló wà, àmọ́ wọn ò ṣe é fún géèmù. Àwọn olórin ti gbé e jáde tàbí wọ́n ti fẹ́ gbé e jáde, ilé iṣẹ́ wá san owó kí wọ́n lè lò ó, bí wọ́n ṣe lo orin Blur nínú FIFA 98. Ó dáa, ọ̀pọ̀ olórin lèèyàn ti bá pàdé níbẹ̀. Àmọ́ orin yẹn ò mọ̀ bóyá o ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ọ̀rẹ́ ẹ ló jàre díẹ̀ tó bá jẹ́ pé òun ló ní kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní JSS 3, tó bá ń kàwé, orin Minecraft ló máa ń fi sétí. Bàbá ẹ̀ ní orin ọmọdé ni, pé kó pa á. Kí lẹ rí sí i? *Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì*

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ màmá. Ọmọ ará Jámánì kan, Daniel Rosenfeld tí wọ́n ń pè ní C418, ló ṣe orin yẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, kì í pariwo, nínú géèmù gan-an ó lè dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kó tó tún dún, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dí ẹni tó ń ronú lọ́wọ́. Ní 2025, òun náà wọ ibi ìtọ́jú orin ìjọba Amẹ́ríkà tí mo sọ lókè yẹn. Ẹ sọ fún bàbá pé nígbà tí wọ́n ṣí ìdíje Òlíńpíìkì ní Tokyo ní July 2021, orin géèmù ni wọ́n fi ń pe orílẹ̀-èdè wọlé, tiwa náà wà níbẹ̀. Kó sáà yí i sílẹ̀, kó sì yọ earpiece létí tẹ́ ẹ bá ń pè é. Tí máàkì ẹ̀ bá wá ń lọ sílẹ̀, a óò tún ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ̀yin náà ẹ gbà á gbọ́ díẹ̀ lọ́jọ́ kan màmá, inú ẹ̀ á dùn.

Ìbéèrè: Mo wà ní yunifásítì ní Ọ̀yẹ́, kì í ṣe orin ni mò ń kà. Mo máa ń fi kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì wá àwọn orin géèmù jáde, ó wù mí kí n máa ṣe tèmi. Owó ò sí, iná ò dúró, laptop mi ti gbó, àwọn tí à ń jọ gbé yàrá sì ń sọ pé iṣẹ́ òyìnbó ni. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? *Ọmọ Àná, Ọ̀yẹ́-Èkìtì*

Ìdáhùn: Àbúrò, Nobuo Uematsu tó ṣe orin Final Fantasy láti 1987 ò kọ́ orin nílé ìwé, ara ẹ̀ ló kọ́ ara ẹ̀, lónìí ẹgbẹ́ olórin ńláńlá ń gbé orin ẹ̀ kiri ayé. Nítorí náà jẹ́ kí àwọn tó wà ní yàrá máa sọ tiwọn.

Fi LMMS, ètò tí wọ́n fi ń ṣe orin lórí kọ̀ǹpútà, sórí laptop yẹn, ọ̀fẹ́ ni, kò fẹ́ ẹ̀rọ olówó ńlá, kò sì fẹ́ dátà lẹ́yìn tó o bá ti gbé e wọlé. MuseScore náà ọ̀fẹ́ ni tó o bá fẹ́ kọ nóòtì sílẹ̀. Nígbà tí iná bá wà kó o ṣe iṣẹ́, nígbà tí ò bá sí, gbé ohun tó o ṣe sórí fóònù kó o máa gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ tí màá fún ẹ rèé: ṣe orin ìdajì ìṣẹ́jú kan, kó yí po, kí ìparí ẹ̀ wọnú ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ débi tẹ́nikẹ́ni ò ní mọ ibi tó ti so pọ̀. Wá tàn án sílẹ̀ kó máa dún nígbà tó o bá ń fọṣọ. Tó bá sú ẹ kó o tó sá ẹ̀wù, orin yẹn ò tíì dáa tó fún géèmù, lọ ṣí i. Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tó pariwo jù, tó jẹ́ pé etí á máa retí ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá yí dé. Yọ ọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyẹn, wọ́n á ṣe orin tó dùn lẹ́ẹ̀kan tí ò ṣeé gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Lẹ́yìn náà kó o ṣe èkejì tó ní ìpele mẹ́ta, èyí tó rọlẹ̀, èyí tó ti ń gbóná, èyí tó jẹ́ ogun, gbogbo ẹ̀ ní ìyára kan náà. Godot, ètò tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, wà lọ́fẹ̀ẹ́ tó o fi lè so wọ́n mọ́ géèmù kékeré, FMOD àti Wwise tí wọ́n fi ń darí orin inú géèmù náà ń jẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lò wọ́n láìsanwó, àwọn yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ ńlá ń lò.

Kó o wá lọ bá àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà nínú ọgbà yín. Èyí tó ń ṣe géèmù nínú wọn ń wá orin, orin tí wọ́n sì ń kó láti íntánẹ́ẹ̀tì kì í bá géèmù wọn mu. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pé ta ló ni orin náà.

Nǹkan kan tó ń wù mí láti gbọ́ kí n tó dàgbà jù: géèmù kan tí bẹ̀ǹbẹ́ wà nínú ẹ̀, bẹ̀ǹbẹ́ gidi tí ọwọ́ èèyàn lù, kì í ṣe èyí tí kọ̀ǹpútà ń díbọ́n. Àwọn onílù wà nítòsí ẹ níbẹ̀. Lọ bá àgbà kan nínú wọn, kí i dáadáa, sọ ohun tó o fẹ́ fi ṣe, béèrè èyí tí kò ṣeé ká sílẹ̀ nínú ìlù wọn, torí ó wà. San owó ẹ̀ fún un. Ní kó lù ú díẹ̀díẹ̀, ìyá ìlù lọ́tọ̀, omele lọ́tọ̀, kó o lè tò ó ní ìpele. Tí géèmù yẹn bá wá parí tí orúkọ ń gòkè, kí orúkọ bàbá yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìẹ, ní lẹ́tà tó tó tìẹ. Tó o bá ti ní nǹkan, kódà kó jẹ́ ìdajì ìṣẹ́jú yẹn nìkan, fi ránṣẹ́ sí wa, màá gbọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, màá sì sọ òótọ́ fún ẹ.