Ta ló ní kó o da 140 sí gíà ìjàpá?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi fi Volkswagen ìjàpá sílẹ̀ fún mi, ti 1978. Gíà 2 máa ń le láàárọ̀, bí mo bá sì fi ipá tì í, á dún “kráà”. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, gíàbọ́ọ̀sì á máa hu. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní kí n ra epo gíà 140, pé òun ló máa pa ariwo náà. Mo ti ra lítà mẹ́ta. Ṣé mo lè pààrọ̀ epo náà fúnra mi nínú ọgbà ilé? Níbo sì ni ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́n wà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o lè ṣe é nílé. Kò sí ọ̀pá ìwọn kankan lára gíàbọ́ọ̀sì ìjàpá, má wulẹ̀ wá a kiri. Ṣùgbọ́n kó o tó mú spánà, gbé 140 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí epo ṣe ki tó: bó bá ṣe ga tó ni epo ṣe ń ki tó. Ìwọ ni ẹnì kẹrin tó bi mí ní irú ìbéèrè yìí láàárín oṣù méjì. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọkọ̀ yín, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àìsàn wọn, àmọ́ 140 kan náà ni wọ́n ń kọ fún gbogbo yín bí àgbo ibà. Ó ti sú mi.

Ohun tó jẹ́ kí àwọn èèyàn gbà á gbọ́ ni pé ariwo náà máa ń rọlẹ̀ lóòótọ́. Epo tó ki á bo bẹ́árìn (irin tó ń jẹ́ kí ọ̀pá inú gíà yí geere) tó ti jẹ, bí ìgbà tí a fi aṣọ di ẹnu ẹni tó ń ké. A ti di í lẹ́nu, ara sì ń ro ó síbẹ̀. Àwọn kan tó ń ta ọkọ̀ àlòkù mọ̀ ọ́n lò: àárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀ ni wọ́n ń dà á sí i. Ẹni tó bá rà á ni yóò gbọ́ ìyókù.

Gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ gíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń lọ síwájú ni òrùka idẹ wà, òun là ń pè ní synchronizer. Bí o bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì tó o sì ti ọ̀pá gíà, òrùka yìí ló máa kọ́kọ́ kan ara gíà náà. Á dì í mú títí eré àwọn méjèèjì á fi dọ́gba, lẹ́yìn náà ni eyín á wọ inú eyín. Inú òrùka náà ní ilà wẹ́wẹ́ bí ilà orí ìka ọwọ́. Iṣẹ́ ilà yẹn ni pé kó ha epo kúrò lójú irin, kí idẹ lè rí nǹkan dì mú. Epo 90 á sún fún un kíá. 140 ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ńkọ́? Bí oyin ló rí. Òrùka á máa yọ̀ lórí rẹ̀, eyín á pàdé eyín nígbà tí eré wọn kò tíì bára mu, kráà! Ohun tó ń ṣe gíà 2 rẹ gan-an ni oògùn wọn tún máa fi kún.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ n'Íbàdàn, ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ gba 140 gbọ́. Tíṣà kan gbé ìjàpá tó ń hu wá, ọ̀gá da 140 sí i, ariwo rọlẹ̀, tíṣà dúpẹ́ títí. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ náà padà wá. Nígbà tí a tú gíàbọ́ọ̀sì sílẹ̀, ojú irin tí bẹ́árìn ń yí lé ti dá ihò kéékèèké bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà. Ọ̀gá mi wò ó, kò wí nǹkan kan, ó ní kí n lọ ra ẹ̀wà wá.

Ìwé tí ilé iṣẹ́ Volkswagen kọ fún ọkọ̀ yẹn sọ pé SAE 90. Kì í sì í ṣe ilé iṣẹ́ tí kò mọ oòrùn wa: ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ìjàpá lójú ọ̀nà Àgbádárìgì l'Ékòó nígbà náà lọ́hùn-ún. Àwọn kan á ní 90 gan-an ti ki jù, ṣebí 40 là ń dà sí ẹ́ńjìnnì. Òṣùwọ̀n méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. 90 ti gíà kò fi bẹ́ẹ̀ ki ju 40 tàbí 50 ti ẹ́ńjìnnì lọ. Wo ẹ̀yìn agolo kó o rí GL-4 níbẹ̀, ìyẹn àmì irú epo gíà tó jẹ́. Bí ọlọ́jà bá ní GL-5 ló dára jù nítorí pé 5 ju 4 lọ, dá a lóhùn pé o kò wá ra bàtà. Imí ọjọ́ tó wà nínú GL-5 pọ̀ jù fún idẹ òrùka yẹn. Difa, ìyẹn gíà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì, ni wọ́n ṣe é fún. Lóòótọ́, inú àpótí kan náà ni gíà àti difa ìjàpá wà, epo kan náà ni wọ́n jọ ń mu, ṣùgbọ́n GL-4 tó wọn.

Kó o tó náwó rárá, fi ọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Ó yẹ kó rìn tó sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Bó bá rìn jù bẹ́ẹ̀, wáyà rẹ̀ ti dẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì kò tú tán, gíà kò sì lè ṣàì le. Lẹ́yìn náà, gbé àga ẹ̀yìn, kí o ṣí páànù kékeré tó wà láàárín, kí o wo rọ́bà tó so ọ̀pá gíà pọ̀. Àwọn kan nínú wọn ti gbó di lẹ́bulẹ̀bu. Rọra ṣe o, bátìrì wà lábẹ́ àga yẹn.

Wàyí o, iṣẹ́. Wa ọkọ̀ náà fún ìṣẹ́jú 15 kí epo lè lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ibi tó tẹ́jú ni kó o gbé e sí, torí ojú ihò ẹ̀gbẹ́ gíàbọ́ọ̀sì tí a ń da epo sí ni òṣùwọ̀n. Bí ọkọ̀ bá dagun, irọ́ ni ohun tó o máa rí. Bí o bá máa gbé e sókè, iwájú àti ẹ̀yìn ni kó jọ dúró lórí irin ìdúró. Má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Má sì lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì, kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Bí o kò bá ní irin ìdúró, gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní kòtò, mi ò sí níbẹ̀ láti fà ẹ́ jáde.

Ìdérí méjì ló wà lára gíàbọ́ọ̀sì: ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ tí a ń da epo sí, ọ̀kan nísàlẹ̀ tí epo ń gbà jáde. Ti ẹ̀gbẹ́ ni kó o kọ́kọ́ tú. Ti ẹ̀gbẹ́! Bí o bá da epo nù tán tí ìdérí ẹ̀gbẹ́ wá kọ̀, ọkọ̀ di ère nínú ọgbà. Ojú wọn jìn sínú, ó ní igun mẹ́fà, mìlímítà 17 ni. Bí o kò bá ní irin rẹ̀, wá bọ́ọ̀tù tí orí rẹ̀ jẹ́ 17, fún nọ́ọ̀tì méjì pọ̀ mọ́ ara wọn lórí rẹ̀, ki orí bọ́ọ̀tù bọ ihò, kó o fi spánà tú u láti ara nọ́ọ̀tì.

Bí ti ẹ̀gbẹ́ bá ti tú, tú ti ìsàlẹ̀ kí epo àtijọ́ ṣàn tán sínú abọ́. Mágínẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wà lára ìdérí ìsàlẹ̀. Bí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá rí bí eérú dúdú tó kúnná, nù ún, má dá ara rẹ láàmú. Bó bá jẹ́ èérún irin tó gún ọ lọ́wọ́ tàbí ẹ̀là eyín, epo kọ́ ni gíà yẹn ń wá mọ́.

Dé ìsàlẹ̀ padà, kí o fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ da epo tuntun láti ihò ẹ̀gbẹ́. 2.5 lítà ló ń gbà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: bí o bá yára dà á, á ṣàn jáde bí ẹni pé ó ti kún, nígbà tí kò tíì ráyè dé ìdí difa. Da lítà kan ààbọ̀, sinmi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó o tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí epo á fi dọ́gba pẹ̀lú etí ihò ní ìsàlẹ̀. Nígbà tó o bá ń dé e, má fi páìpù gùn spánà. Magnesium ni àpótí yẹn, kì í ṣe irin dúdú. Okùn ihò rẹ̀ tètè ń já.

Bí ó bá ṣì ń hu lórí epo 90 tuntun, bẹ́árìn ni, mi ò sì lè gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà. Gbé e lọ kí wọ́n tú u. Tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí epo bá kán sí i ní ìdí àwọn rọ́bà ákísù (ọ̀pá tó ń yí táyà ẹ̀yìn) lọ́tùn-ún lósì, ibẹ̀ ló ti ń dínkù láti ọjọ́ yìí.

Epo àlòkù náà, má dà á sí gọ́tà; àwọn kápẹ́ńtà á gbà á lọ́wọ́ rẹ fún pákó òrùlé nítorí ikán. Ní ti lítà mẹ́ta 140 yẹn, bí o kò bá tíì ṣí i, dá a padà fún ẹni tó tà á. Bó bá kọ̀, wá ẹni tó ní ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, difa tirẹ̀ lè lò ó.