Ìṣó tí kò dógùn-ún gún mi lẹ́sẹ̀. Ṣé mo ṣì nílò abẹ́rẹ́ ipá?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ nílò rẹ̀ bí àjẹsára ipá, ìyẹn tẹ́tánọ́ọ̀sì, tí ẹ gbà kẹ́yìn bá ti lé ní ọdún 5, tàbí bí ẹ kò bá mọ iye tí ẹ ti gbà rí.

Ìdógùn-ún kọ́ ló ń fa ipá. Kòkòrò Clostridium tetani tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ló ń fà á. Ojú ọgbẹ́ tóóró tó jìn, bíi ti ìṣó, ló bá a lára mu jù, torí pé atẹ́gùn kì í dé ibẹ̀. Ìṣó tuntun tó já bọ́ sórí ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Mọ́níyà, n'Íbàdàn, lè gbé e wọlé bí ògbólógbòó.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà, kí ẹ lọ sí ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé tó wà nítòsí. Ẹni tí àjẹsára rẹ̀ kò pé rí lè nílò abẹ́rẹ́ immunoglobulin pẹ̀lú, ìyẹn èròjà tó ń gbógun ti oró ipá lójú ẹsẹ̀. Fún ọgbẹ́ kékeré tó mọ́, ọdún 10 ni wọ́n ń wò, kì í ṣe 5.

Àmì àrùn náà sábà máa ń yọ láàárín ọjọ́ 3 sí 21: àgbọ̀n á le, ẹnu kò ní ṣeé là dáadáa, ọrùn àti ẹ̀yìn á gan. Bó bá ti dé ibẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn ló kàn. Oró tó ti wọ inú iṣan kò ṣeé yọ mọ́, nítorí náà ìtọ́jú lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ipá ti ṣe rí pàápàá ṣì gbọ́dọ̀ gba àjẹsára.