Òṣìṣẹ́ Ilé-Ìkàwé Kì í Ṣe Àlejò Ọjọ́ Kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ yunifásítì ni mí. Lọ́sẹ̀ kìíní sáà ẹ̀kọ́, mo bẹ òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé pé kó fi wákàtí kan kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bí a ṣe ń wá ìwé. Nígbà tí iṣẹ́ wọn dé, ohun tí Google kọ́kọ́ gbé jáde ni wọ́n ṣì dà sínú rẹ̀. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ tètè pè é jù. Lọ́sẹ̀ kìíní, akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì mọ ohun tó fẹ́ wá, ohun tí ẹ bá sì kọ́ ẹni tí kò tíì nílò rẹ̀ á ti fò lọ kí ọjọ́ ìlò tó dé. Ẹ kọ́kọ́ fún wọn níṣẹ́. Nígbà tí oníkálùkù bá ti mú àkòrí tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ tó pè é, kó má sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà.

Kó tó wá, ẹ jọ jókòó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, kẹ́ ẹ fi ìbéèrè iṣẹ́ náà hàn án. Ó lè rí i pé jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀) tí ilé-ìkàwé kò sanwó fún lẹ ń béèrè, tàbí pé ẹ kọ “ìwé 5 tó ṣe é gbára lé” láìsọ irú èyí tó ṣe é gbára lé. Ẹ jọ tún un kọ.

Lọ́jọ́ ẹ̀kọ́, ẹ má fi kíláàsì sílẹ̀ fún un kẹ́ ẹ máa lọ. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń wádìí bí àìsùn ṣe ń ba máàkì jẹ́, tó wá tẹ odidi gbólóhùn: what is the effect of lack of sleep on the grades of students. Díẹ̀ ni yóò rí, nítorí ọ̀pọ̀ ibi ìwákiri jọ́nà ló ń wá àpilẹ̀kọ tó ní gbogbo ọ̀rọ̀ náà pátá. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń pọ̀ ni èsì ń dín kù. Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé á ní kó mú kókó méjì péré, sleep àti grades. Àmọ́ ta ni yóò sọ fún un pé “academic performance” ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń kọ? Ẹ̀yin ni. Ẹ fi OR so grades àti “academic performance” pọ̀, ẹ fi àkámọ́ yí wọn ká, kẹ́ ẹ wá fi AND so wọ́n mọ́ sleep, báyìí: sleep AND (grades OR “academic performance”). Bí ẹ bá gbàgbé àkámọ́ yẹn, èsì tí kò kan oorun rárá lè ya wọlé. Lẹ́yìn àpẹẹrẹ kan bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi ìyókù àkókò wá àkòrí tiwọn, kí ẹ̀yin méjèèjì máa yí ká.

Ẹ tún fi máàkì sí i. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ 20, ẹ ya 5 sọ́tọ̀ fún àkọsílẹ̀ ìwákiri: ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò, ibi tí wọ́n wá a, èyí tí wọ́n jù nù àti ìdí rẹ̀. Ohun tí kò ní máàkì, wọn ò ní ṣe é.

ÌBÉÈRÈ: Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ni mí. Gbogbo olùkọ́ ló ń sọ pé àyè ò sí. Báwo ni kí n ṣe wọlé?

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀, pàápàá ẹni tó ń kọ́ni ní ọgbọ́n ìwádìí. Ẹ gba iṣẹ́ 10 tó ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, kó yọ orúkọ kúrò. Ẹ ka iye ìtọ́kasí tí a kò rí níbì kankan, kẹ́ ẹ gbé iye náà síwájú rẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ wíwá ìmọ̀ àti lílò ó, tí ACRL, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí lọ́dún 2016 ní kókó mẹ́fà. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Èyí tó sọ pé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ni iṣẹ́ ìmọ̀ máa ń tètè yé olùkọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, AI fún mi ní ìtọ́kasí mẹ́wàá. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́?

ÌDÁHÙN: Lẹ DOI rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fún àpilẹ̀kọ, mọ́ ìdí doi.org/ nínú ìkànnì ayélujára. Bí kò bá ṣí, tàbí tó gbé àpilẹ̀kọ mìíràn jáde, fura sí i. Wá àkọlé náà nínú àmì àyọlò, kí o sì wo àtòkọ jọ́nà náà fún ọdún yẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, yọ ọ́ kúrò. Má jẹ́ kí orúkọ òǹkọ̀wé tàn ọ́: AI máa ń so orúkọ ènìyàn gidi mọ́ àkọlé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí. Èyí tó bá sì jẹ́ òótọ́, kà á kó o tó tọ́ka sí i.